Ilé-ìṣọ́ Matrera ní Andalúsíà: ṣé símẹ́ǹtì ni wọ́n fi bò ó lóòótọ́?

Òǹkàwé kan tó ń gbé ní London kọ̀wé sí mi báyìí: «Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ lo ìsinmi ní gúúsù Spéìn lẹ́nu àìpẹ́ yìí. A kọ́kọ́ lọ wo ilé olódi Almodóvar del Río nítòsí Córdoba. Ó pé pérépéré, ó dùn ún wò, àfi bí ẹni pé àná ni àwọn jagunjagun jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la wa ọkọ̀ gba ìhà Villamartín ní agbègbè Cádiz, a sì rí ilé-ìṣọ́ Matrera lórí òkè láti ọ̀nà jíjìn. Apá kan jẹ́ òkúta àtijọ́, apá kejì funfun báláú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ara fìríìjì. Ọmọ mi ní símẹ́ǹtì ni wọ́n fi bò ó. Inú mi bàjẹ́. Kí ló dé tí wọn kò ṣe é bí wọ́n ṣe tọ́jú ti Almodóvar? Ṣé wọ́n ti ba ohun àtijọ́ náà jẹ́ ni? Kí sì ni kí n sọ fún ọmọ mi?»

Mo gbọ́ yín yé, nítorí ohun tó dùn yín yìí dun ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Spéìn gan-an ní ọdún 2016, nígbà tí àwòrán ilé-ìṣọ́ náà kọ́kọ́ tàn kálẹ̀. Ẹgbẹ́ Hispania Nostra, tó ń gbèjà àwọn ohun àjogúnbá ilẹ̀ náà, bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọ̀hún, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè sì gbé e kiri gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ àtúnṣe tó di àtúnbàjẹ́. Ní ọdún kan náà, nínú ìdíje Architizer A+ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ayàwòrán-ilé, iṣẹ́ kan náà yìí ni ìbò àwọn ará ìta gbé lékè ní ẹ̀ka ìtọ́jú ilé àtijọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Bí mo bá sì yẹ ìbéèrè yín wò dáadáa, ohun tí ẹ ń bi mí ni pé, nígbà tí ohun àtijọ́ bá wó, ta ló bọ̀wọ̀ fún un jù: ṣé ẹni tó tún un kọ́ kí ó lè jọ ti àtijọ́ ni, àbí ẹni tó jẹ́ kí ó hàn sí gbogbo ayé pé ó wó? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé fi gbólóhùn kan parí, àfi kí a kọ́kọ́ tú àwọn kókó kan tó ti so pọ̀ mọ́ra wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. Kì í ṣe símẹ́ǹtì rárá. Ohun funfun tí ẹ rí yẹn, ẹfun òkúta ni. Òkúta kan wà tí a máa ń fi iná sun títí yóò fi fúyẹ́ tí yóò sì rọ̀. Bí a bá wá da omi sí i, yóò hó yaya, yóò gbóná, nígbà tó bá sì rọlẹ̀ tán, yóò rí funfun, yóò kúnná bí ògì. A ó pò ó mọ́ yanrìn, a ó fi mọ ògiri tàbí kí a fi rẹ́ ẹ. Omi tí a fi po símẹ́ǹtì ló ń jẹ́ kí símẹ́ǹtì le, kì í sì í pẹ́. Ní ti ẹfun òkúta, afẹ́fẹ́ ló ń fà sínú díẹ̀díẹ̀, fún oṣù, fún ọdún, títí yóò fi padà di irú òkúta tí a ti sun ún. Òun ni àwọn Mùsùlùmí tó kọ́ ilé olódi sí Andalúsíà lò, òun náà sì ni àwọn Kristẹni tó gba àwọn ilé náà lọ́wọ́ wọn lò. Ojú òkúta gbágungbàgun tí gbogbo wa rò pé òun gan-an ni ìrísí ilé olódi, ní ibi púpọ̀, ọjọ́ orí àti àìtọ́jú ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń rẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn ògiri wọ̀nyí nígbà ayé wọn. Láyé àwọn Almohad, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà tó jọba níbẹ̀, ní ọ̀rúndún kejìlá, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri amọ̀ tí wọ́n gún, kí ó lè dà bí òkúta ńláńlá tí a gbẹ́ dọ́gba lójú ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè.

Ẹ lè ní kí ló wá burú nínú símẹ́ǹtì bí wọ́n bá tilẹ̀ lò ó. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà àgbà ní ìlú kékeré kan ní Andalúsíà, wọ́n ní kí n ṣí símẹ́ǹtì kúrò lára ògiri òkúta kan. Àwọn kan ti fi símẹ́ǹtì náà dí àárín àwọn òkúta rẹ̀ ní bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Símẹ́ǹtì náà le koko, kò sán níbì kankan, mo sì ń rò nínú ara mi pé kí ló dé tí a fẹ́ yọ ohun tó dára. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi òòlù ká a kúrò báyìí, òkúta tó wà lábẹ́ rẹ̀ tú sí mi lọ́wọ́ bíi gàrí. Ó tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ oṣù keje ni, oòrùn sì ń jóni bí iná. Omi tó ń gba orí ògiri wọlé kò rí ọ̀nà jáde lára símẹ́ǹtì, nítorí náà ara òkúta ló ń gbà jáde, iyọ̀ tó wà nínú omi náà sì ń jẹ òkúta díẹ̀díẹ̀ láti inú wá. Ẹfun òkúta kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ògiri mí. Bí ìyà bá sì máa jẹ ọ̀kan nínú wọn, ẹfun ni yóò kọ́kọ́ jẹ, òkúta yóò sì yè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ohun tó le kọ́ ló ń pa ògiri àtijọ́ mọ́.

Ó wá kan Almodóvar. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ yín, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó wù yín níbẹ̀ kò tó ọdún 130. Ilé olódi náà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ lóòótọ́. Láti ayé àwọn Mùsùlùmí ló ti wà lórí òkè tó wo odò Guadalquivir. Al-Mudawwar ni wọ́n ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí ohun tó rí róbótó, ibẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ti òní ti jáde. Fernando Kẹta, ọba Kristẹni ti Castilla, gbà á ní ọdún 1240. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi máa parí, ó ti di àlàpà. Ọlọ́lá kan, ìjòyè tí wọ́n ń pè ní Conde de Torralva, ló jogún rẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ayàwòrán-ilé Adolfo Fernández Casanova. Láàárín ọdún 1901 sí 1936 ni wọ́n gbé orí àwọn ilé-ìṣọ́ ró padà, tí wọ́n to àwọn eyín orí ògiri, tí wọ́n sì kọ́ ilé ńlá kan sínú àgbàlá rẹ̀ fún ìdílé ìjòyè náà, ilé tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè jọ ti àtijọ́. Òkúta tuntun tó wà ní Almodóvar pọ̀ ju gbogbo ohun funfun tó wà ní Matrera lọ fíìfíì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní Almodóvar, ojú yín kò lè mọ èyí tó jẹ́ tuntun.

Kí ó lè yé yín bí Matrera ṣe dé ipò tó wà, ẹ ní láti mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún. Wọ́n máa ń so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọ̀rúndún kẹsàn-án, nígbà tí Umar ibn Hafsun ṣọ̀tẹ̀ sí àwọn aláṣẹ Córdoba. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Fernando Kẹta gba Córdoba ní 1236, tó gba Jaén ní 1246, tó sì gba Sevilla ní 1248 ni ọ̀rọ̀ àwọn òkè agbègbè yẹn wá di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nígbà tó yá, ìjọba Mùsùlùmí kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù níbẹ̀, ìyẹn Granada, tí ọba rẹ̀ gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ààlà àárín Granada àti ìjọba Castilla kò sì kúrò nílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 250. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà yìí, níhà méjèèjì, ilé olódi kan máa ń wà níbi tí ojú ti lè rí èkejì: èéfín ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn lọ́sàn-án, iná ni wọ́n ń dá lóru. Ogun ńlá kì í wáyé lójoojúmọ́. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn ẹlẹ́ṣin yóò ya wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò kó màlúù, wọn yóò sun oko ọkà, wọn yóò kó ènìyàn lẹ́rú, wọn yóò sì padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé-ìṣọ́ ni àgbẹ̀ máa ń sá sí. Ẹ wo Zahara, tí kò jìnnà sí Matrera: àwọn Kristẹni gbà á ní 1407, Granada gbà á padà ní òpin ọdún 1481, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ Granada ní 1483. Èyí tún kan ọ̀rọ̀ «ti àtijọ́» tí gbogbo wa ń sọ, nítorí ilé tó bá pààrọ̀ ọwọ́ báyìí kì í ní ìrísí kan ṣoṣo. Ẹni tó gbà á yóò dí ẹnubodè yìí, yóò ṣí òmíràn, yóò gbé ilé-ìṣọ́ tirẹ̀ lé ìpìlẹ̀ ti ẹlòmíràn. Bí ẹnìkan bá ní kí a dá Matrera padà sí bó ṣe wà, ó yẹ kí a bi í pé bó ṣe wà ní ọdún wo.

Ronda ṣubú ní 1485. Granada fúnra rẹ̀ juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1492, ààlà sì parí. Ibẹ̀ ni ìyà àwọn ilé olódi ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tí kò ní ohun tó ń ṣọ́ mọ́, ta ni yóò máa tún orí rẹ̀ ṣe? Àwọn ará abúlé rí òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ tán, wọ́n sì ń kó o lọ kọ́ ilé àti gàá ẹran. Òkúta igun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ, nítorí òun ló tóbi tó sì gún régé jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló di ògiri méjì mú kí wọ́n má baà ya kúrò lára ara wọn.

Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Lórí ilé olódi, òkè ni ògiri ti máa ń lanu. Ẹ má rò pé òkúta ni ògiri tó nípọn bí ìdúró ènìyàn láti ìhín dé ọ̀hún. Ojú méjì ló ní tí wọ́n fi òkúta tó dára tò, ohun tó wà láàárín sì jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, àfọ́kù àti ẹfun òkúta tí wọ́n dà sínú. Bí ìbòrí òkè bá ti ṣí, òjò yóò máa rọ̀ sínú ikùn ògiri náà. Yóò máa fọ ẹfun inú rẹ̀ lọ lọ́dọọdún, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ yóò sì máa rọlẹ̀, wọn yóò kóra jọ sí ìsàlẹ̀, wọn yóò wá máa ti ojú méjèèjì síta. Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ tí ẹ sì wò ó lọ sókè, ẹ ó rí i pé ó yọ ikùn. Ọ̀pọ̀tọ́ yóò wá hù nínú ihò rẹ̀, nítorí ẹyẹ ti gbé hóró rẹ̀ débẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì máa wá omi tó wà láàárín. Gbogbo èyí lè gba 300 ọdún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò wó, kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ní ọdún 2013, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ lé ara wọn, apá ńlá lára ilé-ìṣọ́ Matrera ya lulẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù dúró lásán, kò ní ohun tó lè fẹ̀yìn tì.

Ẹni tó ni ilẹ̀ náà, nítorí kì í ṣe ti ìjọba, gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán-ilé Carlos Quevedo Rojas. Kò sì ní òmìnira láti ṣe bó ṣe wù ú. Láti oṣù kẹrin ọdún 1949 ni àṣẹ ìjọba ti dáàbò bo gbogbo ilé olódi ilẹ̀ Spéìn, bó ti wù kí ó wó tó. Òfin ohun àjogúnbá ti ọdún 1985 sì sọ ọ́ kedere pé kí ẹni tó ń ṣàtúnṣe má ṣe tún ohun tó ti wó kọ́, àyàfi bó bá jẹ́ pé àwọn ègé rẹ̀ gan-an ló fẹ́ lò tí ó sì ṣeé fi ẹ̀rí hàn pé tibẹ̀ ni wọ́n. Bí wọ́n bá sì ní láti fi ohun tuntun kún un kí ó má baà wó, kí ojú lè dá a mọ̀ pé tuntun ni. Ohun tí wọ́n ṣe ní Almodóvar ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, òfin kò ní gbà á lónìí. Àwọn òkúta tí wọ́n rí kó jọ lára àwókù náà ni wọ́n tò padà. Ibi tí kò ti sí òkúta, wọ́n gbé ògiri tuntun ró tó mú gbogbo rẹ̀ dúró, wọ́n sì fi ẹfun òkúta rẹ́ ẹ, kí ilé-ìṣọ́ náà lè ní ìdúró àti fífẹ̀ tó ní tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà ju méjì tí ẹ rí yìí lọ. Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ olùtọ́jú Alhambra, ààfin olódi àwọn ọba Mùsùlùmí ní Granada, láàárín 1923 sí 1936, Leopoldo Torres Balbás ni orúkọ rẹ̀. Ibi tí ògiri bá ti wó, yóò gbé e dé bó ṣe ga tẹ́lẹ̀ kí ojú lè rí i ní odidi, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ara ti tuntun jẹ́ lásán, láìsí ọnà. Bí ẹ bá wà lókèèrè, ògiri náà pé. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó mọ ibi tí ọwọ́ àwọn àgbà parí sí. Ó yọ òrùlé róbótó aláwọ̀ mèremère tí àwọn kan fi sórí ilé kékeré kan nínú Àgbàlá àwọn Kìnnìún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí kò sí ẹ̀rí pé irú rẹ̀ wà níbẹ̀ rí, àwọn ènìyàn sì bínú sí i púpọ̀ nígbà náà. Òun ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọ̀nà kẹrin ni kí a má fi ohunkóhun kún un, kí a kàn bo orí ògiri kí omi má wọ̀ ọ́ mọ́, kí a sì máa lọ wò ó lọ́dọọdún. Kò wọ́n, kò sì purọ́, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, kò sì lè gba ilé-ìṣọ́ tó ti ya sí méjì là. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni èyí tí wọ́n ṣe lórí òkè Santa Catalina ní Jaén ní ọdún 1965, níbi tí wọ́n ti kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sórí ààfin olódi tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé ẹlẹ́wà ni, ojú ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Bí ẹ bá ní kí n dájọ́, wọn kò ba Matrera jẹ́. Wọ́n gbà á là, wọ́n lo ohun èlò tó tọ́, wọn kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé àwọn tó bínú kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó ti ń wo àwókù kan láti kékeré, tó mọ ibi tí oòrùn máa ń gbà lára rẹ̀ wọ̀, tó wá jí ní ọjọ́ kan tó rí ohun funfun tó dọ́gba bíi pákó tí a fá, ọ̀fọ̀ ló ṣe é. Láti ọ̀nà tí ẹ gbà yẹn, ohun tuntun náà ń sọ̀rọ̀ sókè ju ti àtijọ́ lọ, mo sì rò pé wọn ìbá ti lo yanrìn tó ní àwọ̀ díẹ̀ kí ojú ògiri náà sì rí ṣákiṣàki, òfin kò ní dí wọn lọ́wọ́. Àkókò yóò tún díẹ̀ ṣe nínú rẹ̀, nítorí ẹfun òkúta kì í funfun títí láé. Eruku, òjò àti ewédò yóò pa á láró. Ní ti Almodóvar, owó tí ẹ san lẹ́nu ọ̀nà wà lára ohun tó ń mú kí òrùlé rẹ̀ má jò, ọmọ yín sì rí i bí ilé olódi ṣe ń ṣiṣẹ́. Èrè gidi nìyẹn. Àmọ́ àwọn ògbógi tó bá fẹ́ mọ bí orí àwọn ilé-ìṣọ́ náà ṣe rí gan-an ní 1240 kò ní rí i kà lára wọn mọ́.

Ohun tó ń dùn mí ju àwọ̀ funfun lọ ni àwọn ọdún tó ṣáájú 2013. Ìwọ̀nba ẹfun òkúta lórí ògiri, ọwọ́ kan tó fa ọ̀pọ̀tọ́ tu nígbà tó ṣì kéré, kò tó owó tí wọ́n fi gbé ilé-ìṣọ́ tó wó dìde. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ fún ìwé ìròyìn nígbà tó ń yọ ikùn.

Ní ti ọmọ yín, ẹ sọ fún un pé ó ríran dáadáa, ó kàn ṣi ohun èlò náà pè ni. Bí ẹ bá tún lọ sí Andalúsíà, ẹ mú un lọ sí Baños de la Encina ní agbègbè Jaén, níbi tí ògiri jẹ́ erùpẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹfun tí wọ́n gún sáàárín pákó méjì, tí ilé-ìṣọ́ mẹ́rìnlá irú rẹ̀ sì ṣì dúró yí ká. Àwọn pátákó kan yóò sọ pé ọdún 968 ni wọ́n kọ́ ọ, nítorí òkúta alákọlé kan tó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Madrid. Ọ̀pọ̀ ògbógi òde òní ní òkúta náà lè má jẹ́ tibẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí ògiri náà jẹ́ ti àwọn Almohad ní ọ̀rúndún kejìlá. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn. Ẹ ní kó wá àwọn ihò kéékèèké tó tò lọ gbọọrọ lára ògiri: ibẹ̀ ni igi tó di pákó mú máa ń gbà kọjá. Kó ka ìlà ihò náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, yóò mọ iye ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbé pákó wọn sókè. Ibi tí ìlà náà bá ti dáwọ́ dúró lójijì, tí ara ògiri sì dán ju bó ṣe yẹ lọ, kó fi ìka tọ́ka sí i: àtúnṣe ayé òde òní nìyẹn.